Íńkì Inú Agolo Ńlá

Bajulaiye, Ṣómólú
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kìíní, 2025

Ẹ̀gbọ́n mi Ọlápọ̀sí,

Ẹ kú òkun, ẹ kú òtútù. Mo gbà pé ọkọ̀ ẹja yín á ti gúnlẹ̀ sí èbúté Peterhead kí lẹ́tà yìí tó bá yín, nítorí ẹ sọ pé kò sí nẹ́tíwọ́kì lójú agbami. Gbogbo wa wà ní àlàáfíà. Màmá ní kí n sọ fún yín pé ẹja yíyan tí ẹ béèrè ti wà nílẹ̀, ẹni tó máa gbé e bọ̀ ni a kò tíì rí.

Ẹ lè máa wò ó pé kí ló dé tí mi ò pè. Ìgbàkígbà tí mo bá pè yín, Bàbá á gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n á gbé e sí sípíkà kí gbogbo ilé ìtẹ̀wé wa lè gbọ́ ohùn ọmọ wọn tó wà lókè òkun. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ sípíkà. Kọ̀ǹpútà tí a fi ń to ìwé ni mo fi kọ ọ́, mo sì fi í-meèlì ránṣẹ́.

Nípa Bàbá ni. Ẹ rántí pé nínú oṣù kejìlá, ìjọ wa ní Pedro pe àwọn elétò ìlera wá láti yẹ àwọn ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún wò nítorí jẹjẹrẹ pròsítéètì, ẹran ara kékeré tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ Bàbá. Èsì rẹ̀ jẹ́ 3.2. Wọ́n ní bí kò bá ti tó mẹ́rin, kò séwu. Bàbá kan káàdì tí wọ́n kọ èsì náà sí mọ́ ògiri ilé ìtẹ̀wé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà. Ẹ̀yin náà kí wọn kú oríire.

Ṣùgbọ́n mo ń ṣọ́ wọn. Ní àná, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ sí aago mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni Bàbá dìde nídìí ẹ̀rọ láti lọ tọ̀. Ní àkókò yìí lọ́dún tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni. Wọ́n sì máa ń pẹ́ níbẹ̀. Bọ̀dá Mùtíù tí ń bá wọn wa ẹ̀rọ ti sọ ọ́ di àwàdà: “Alàgbà, ṣé ẹ ti ra ilé ìtọ̀ yẹn ni?”

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a tẹ ìwé pélébé kan fún ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì kan, lórí ìlera ọkùnrin. Èmi ni mo ka ẹ̀dà àkọ́kọ́ láti wá àṣìṣe, bí mo ti máa ń ṣe. Ní ojú ìwé keje, wọ́n kọ ọ́ pé bí ọkùnrin bá sanra jù, ẹ̀jẹ̀ inú ara rẹ̀ pọ̀ ju ti ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ lọ, nítorí náà ohun tí ìdánwò yẹn ń wá á fọ́n ká sínú ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀, èsì á sì kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n ní ìdí kan nìyẹn tí wọ́n fi máa ń pẹ́ kí wọ́n tó rí àrùn náà lára ẹni tó sanra, àti pé ó sábà máa ń le lára irú ẹni bẹ́ẹ̀. Bàbá fọwọ́ ara wọn tẹ ẹgbẹ̀rún méjì ẹ̀dà rẹ̀. Wọn ò ka ọ̀kan.

Mo wá lọ wo káàdì tó wà lára ògiri. Wọ́n kọ kílò mẹ́rinlélọ́gọ́rin síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò wọn Bàbá lọ́jọ́ náà. Èrò pọ̀, wọ́n kàn bi wọ́n léèrè, wọ́n sì dáhùn. Kílò wọn àtijọ́ ni wọ́n sọ.

Ẹ jọ̀wọ́, tiyín ni Bàbá máa ń gbọ́ ju ti gbogbo wa lọ. Ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n lọ rí dókítà tó mọ̀ nípa ọ̀nà ìtọ̀. Ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Àbúrò yín,
Hadassah


Peterhead
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kìíní, 2025

Hadassah, ọmọ ìyá mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà rẹ, inú mi ò dùn ní ẹ̀ẹ̀mejèèjì.

Èsì Bàbá ò tó mẹ́rin. Àwọn tó kọ́ iṣẹ́ náà ló sọ pé kò séwu. Ìwọ tó o jáde sẹ́kọ́ńdírì lọ́jọ́sí ka ojú ìwé kan ṣoṣo, o ti di dókítà.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ sísanra yẹn ló dùn mí jù. O kéré nígbà yẹn, o lè má rántí dáadáa. Nígbà tí à ń gbé Abúlé Òkúta, okùn ni Bàbá fi ń di ṣòkòtò. Bí wọ́n bá bu ẹ̀bà, wọ́n á ní àwọn ti yó, wọ́n á sún abọ́ sọ́dọ̀ wa. Àwọn ará àdúgbò ní egungun ló ń wa ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Ikúmápàyí. Mo gbọ́ ọ létí ara mi. Torí rẹ̀ ni mo ṣe wà nínú omi dídì yìí. Nísinsìnyí tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn kún, ìwọ ló fẹ́ kí ó tún jìn? Bàbá ẹni tó wà lókè òkun kì í rù, Hadassah. Bó bá rù, ọmọ rẹ̀ ni wọ́n ń bú. Wọ́n á ní ó ti gbàgbé ilé. Wàrà àti oúnjẹ agolo tí mo ń kó ránṣẹ́, Bàbá ni mo kó o sí. Jẹ́ kí wọ́n jẹun.

Mo bá wọn sọ̀rọ̀ lánàá. Mo sọ fún wọn pé bí o bá tún gbé ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ dé, kí wọ́n má dá ọ lóhùn. A ń padà sójú omi lọ́la, ó di ọjọ́ mẹ́rìndínlógún.

Bá mi kí Màmá.

Ọlápọ̀sí


Bajulaiye
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kìíní, 2025

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo mọ̀ pé ẹ ti wà lójú omi. Ìgbà tí ẹ bá dé ni kí ẹ kà á.

Mo bẹ̀ yín kí ẹ má dárúkọ mi. Láti ọjọ́ tí ẹ ti bá Bàbá sọ̀rọ̀, wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ mi, Bọ̀dá Mùtíù ni wọ́n ń rán: “Mùtíù, bá mi sọ fún dókítà kó fún mi ní ìwé gígùn.” Ẹsẹ̀ bàtà méjì ló wà láàárín èmi àti wọn. Bọ̀dá Mùtíù á yíjú sí mi: “Dókítà, ẹ fún wọn ní ìwé gígùn.” Mo ń fún wọn.

Mi ò sọ pé kí ebi pa Bàbá. Mi ò sì fi wàrà yín ṣe ìlara. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí iṣẹ́ wa.

Ọdún tí Bàbá ń kọ́ mi níṣẹ́, wọ́n gbé agolo íńkì dúdú méjì ka iwájú mi. Wọ́n bu ṣíbí íńkì kan sínú agolo kékeré. Wọ́n bu ṣíbí kan náà sínú agolo ńlá, wọ́n wá bu kẹrosíìnì là á títí agolo fi kún. Wọ́n fi méjèèjì tẹ ìwé. Ti kékeré dúdú bí ìdí ìkòkò. Ti ńlá rí bí eérú. Wọ́n bi mí pé èwo ni íńkì pọ̀ nínú rẹ̀. Mo ní ti kékeré. Wọ́n fi rúlà kàn mí lórí, wọ́n ní, “Ìwọ má wo bó ṣe dúdú tó. Kọ́kọ́ wo agolo.”

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin àti àwọn tó wá sí ìjọ, 3.2 ni ẹ wò. Ẹ ò wo agolo.

Ẹ rántí Bàbá Àgbà ní Ìgbókòdá. Ẹ̀yin lẹ ń gbé abọ́ fún wọn ní ọdún tí ìtọ̀ há wọn. Ẹ sọ fún mi nígbà kan pé ẹ kò ní gbàgbé igbe yẹn láé. Ìwé pélébé náà sọ pé ẹni tí bàbá rẹ̀ bá ní jẹjẹrẹ yìí kí ó tètè máa yẹ ara rẹ̀ wò. A ò mọ ohun tó pa Bàbá Àgbà. Kò sẹ́ni tó yẹ̀ wọ́n wò.

Hadassah


Bajulaiye
Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì, 2025

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo ń ka ọjọ́. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí ẹ tó gúnlẹ̀. Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ lónìí tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ kó tó yí padà lẹ́nu àwọn èèyàn.

Wonder, ọkùnrin tó ń ra àgékù ìwé lọ́wọ́ wa ní kílò, gbé òṣùwọ̀n rẹ̀ wá, pẹpẹ irin tí wọ́n ń gbé àpò lé. Bàbá ní òṣùwọ̀n náà ń rẹ́ àwọn jẹ.

Wonder ní, “Alàgbà, òṣùwọ̀n mi ò purọ́ rí.”

“Irọ́ ló ń pa. Èmi fúnra mi á gùn ún, gbogbo yín á sì rí i. Kílò mẹ́rinlélọ́gọ́rin ni mí. Ó wà lára káàdì, àwọn elétò ìlera ló kọ ọ́.”

Wọ́n bọ́ bàtà. Wọ́n gùn ún. Ọwọ́ òṣùwọ̀n kọjá ọgọ́rùn-ún, ó kọjá ọgọ́fà, ó gbọ̀n díẹ̀, ó wá dúró sí mọ́kànléláàádóje.

Bọ̀dá Mùtíù wo káàdì tó wà lára ògiri, wọ́n wo Bàbá. “Alàgbà, ẹ̀yin àti káàdì yín yìí, ta ni ká gbà gbọ́?”

Bàbá ní òṣùwọ̀n olè ni. Wọ́n ní kí a gbé páálí ìwé tuntun kan wá, èyí tí a kò tíì já okùn rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ilé iṣẹ́ tó ṣe ìwé máa ń tẹ kílò sára páálí. Wọ́n gbé e lé òṣùwọ̀n. Ohun tí páálí sọ gan-an ni òṣùwọ̀n sọ. Wọ́n gbé òmíràn lé e. Ọ̀kan náà ni.

Bàbá ní kí a gbé páálí méjèèjì padà. Wọ́n wọ bàtà wọn. Wọ́n ní kí Wonder máa kó ẹrù rẹ̀ lọ, wọn ò bá a jà mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹni kílò mẹ́rinlélọ́gọ́rin ni wọ́n kọ èsì yẹn fún. Ẹni náà kò sí nílé wa.

Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni wọ́n lọ tọ̀ lónìí.

Hadassah


Peterhead
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì, 2025

Hadassah, àbúrò mi,

A gúnlẹ̀ lánàá. Orí èbúté níbẹ̀ ni mo ti ka lẹ́tà méjèèjì, ẹrù mi ṣì wà nílẹ̀, òjò sì ń rọ̀. Má bínú sí mi.

Mi ò gbàgbé igbe Bàbá Àgbà. Nígbà tí mo ka ibẹ̀ yẹn, mo ní láti jókòó sórí páálí ẹja. Ẹni tó ń darí ọkọ̀ wa bi mí bóyá ẹnì kan kú nílé ni. Mo ní rárá, kò tíì sí.

Jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ. Àwòrán Bàbá tí ikùn wọn yọ jáde níwájú ilé ìtẹ̀wé ló wà lójú fóònù mi. Bí òtútù bá fẹ́ pa mí, mo máa ń wò ó, màá ní ohun tí mo wá ṣe níbí nìyẹn, ó sì ń ṣẹ. Mi ò mọ̀ pé ohun tí mo fi ń ṣògo ló ń bo àrùn mọ́lẹ̀, bí àrùn bá wà níbẹ̀.

Mo ti pe Bàbá. Mo ní kí wọ́n yọ sípíkà kúrò. Wọ́n ní kí ló dé, mo ní mo fẹ́ bá bàbá mi nìkan sọ̀rọ̀. Mo ní kí wọ́n lọ rí dókítà. Wọ́n ní, “Kí ni àwọn èèyàn máa sọ?” Ìyẹn nìkan ni wọ́n bi mí.

Ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí, bá mi tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà gàdàgbà kí ojú wọn lè rí i, kí o fún wọn lọ́wọ́.

“Bàbá mi, bí ẹ bá rù, orúkọ mi ni wọn á bú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bú u, èébú ò ní kí n má sùn. Ẹ̀yin ni mo torí yín wá sínú omi dídì. Ẹ lọ rí dókítà. Kí ẹ sì mú Hadassah dání, òun ló ń kàwé nínú wa. Ọmọ yín, Ọlápọ̀sí.”

Ọlápọ̀sí


Bajulaiye
Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹta, 2025

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ ṣé. Bàbá gba ìwé náà, wọ́n kà á, wọ́n ká a sí mẹ́rin, wọ́n fi sí àpò àyà. Ọjọ́ mẹ́ta kọjá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, wọ́n yọ sí mi nídìí kọ̀ǹpútà, wọ́n ti wọ aṣọ ìjọ. Wọ́n ní, “Níbo ni dókítà náà wà?” Wọn ò fi Bọ̀dá Mùtíù rán mi níṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ní ilé ìwòsàn, a jókòó pẹ́. Mo gbé ìwé pélébé yẹn dání, mo ṣí i sí ojú ìwé keje, mo gbé e ka itan wọn. Wọ́n kọ́kọ́ ní a gé etí ìwé náà wọ́. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Wọ́n kà á dé ìsàlẹ̀, wọ́n tún padà sókè. Wọ́n ní, “Ta ló ka èyí kí n tó tẹ̀ ẹ́?”

“Èmi ni, sà.”

“Kò sí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀.”

Wọ́n dá ìwé náà padà fún mi. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mọ Bàbá. Wọ́n ti bẹ̀ mí nìyẹn.

Obìnrin ni dókítà náà, Dókítà Moyọ̀sọ́lá. Nígbà tó sọ ibi tí ìka òun máa wọ̀, Bàbá ní, “Ọmọ mi, ṣé kò sí ọkùnrin nínú yín?” Ó ní, “Wọ́n wà, sà, ṣùgbọ́n ìka tiwọn tóbi ju tèmi lọ.” Bàbá gun bẹ́ẹ̀dì. Èmi jáde.

Ó ṣàlàyé fún wa lẹ́yìn náà. Ó ní ọ̀rá pọ̀, ìka òun kò lè dé ibi tó yẹ kó dé dáadáa. Ó ní lára ẹni tó wọn kílò mọ́kànléláàádóje, òun ò lè torí pé 3.2 ò tó mẹ́rin kí òun ní kó máa lọ sílé, pàápàá tó ń tọ̀ báyìí, tí bàbá rẹ̀ sì kú bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ gbà: 3.7. Wọ́n fi ẹ̀rọ ya àwòrán inú, wọ́n rí ibi kan tí kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Ó ní ẹran náà ti wú, abẹ́rẹ́ lè wá a kó má bá a, nítorí náà wọ́n fi àwòrán tọ́ abẹ́rẹ́ sọ́nà, wọ́n bu ẹran díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Ọ̀sẹ̀ méjì la ó fi retí èsì.

Bàbá padà sídìí ẹ̀rọ. Màmá kàn ń fọ abọ́ tó ti mọ́. Mo mọ̀ pé ẹ ti padà sójú omi, kò sẹ́ni tó máa dá mi lóhùn. Mo kàn fẹ́ kó wà ní àkọsílẹ̀.

Hadassah


Bajulaiye
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹta, 2025

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ jókòó kí ẹ tó kà á. Ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kà á dópin.

Jẹjẹrẹ ni. Dókítà ní inú ẹran kékeré yẹn ló ṣì wà, kò tíì jáde kúrò níbẹ̀. Wọ́n wo egungun, ó mọ́. Ó ní irú rẹ̀ kì í ṣe èyí tó rọ̀, tí a lè máa wò níran. Ká ní a dúró kí èsì ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ kọjá mẹ́rin, ó ṣeé ṣe kó ti rìn jìnnà. Ó ní a tètè dé.

Mo ní kó tún un sọ. Ó ní, “A tètè dé.” Mo kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago.

Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n máa ṣe. Ṣáájú rẹ̀, Bàbá gbọ́dọ̀ dín ọ̀rá kù kí abẹ má bàa wu wọ́n léwu. Lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ó máa ń tètè padà wá bá àwọn tó sanra jù. Nígbà tí a jáde, Bàbá dúró lẹ́nu géètì. Mo rò pé wọ́n fẹ́ sunkún. Wọ́n ní, “Ìwọ ọmọ yìí, rúlà tí mo fi kàn ọ́ lórí lọ́dún yẹn, ó dùn ọ́?”

Mo ní, “Ó dùn mí, sà.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀.”

A wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá wá sílé. Bàbá gba ààbọ̀ ìjókòó àti ààbọ̀ tèmi. Mo rẹ́rìn-ín títí dé Pedro, mi ò mọ ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Hadassah


Bajulaiye
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù keje, 2025

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú àfẹ́kù, ẹ kú àdúrà. Ó di ọ̀sẹ̀ keje tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún Bàbá. Wọ́n ti yọ rọ́bà ìtọ̀ kúrò tipẹ́. Ó ṣì ń jò díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, nítorí náà wọ́n ti fi òfin de Bọ̀dá Mùtíù pé kó má ṣe àwàdà kó tó di aago méjìlá. Àná ni èsì ẹ̀jẹ̀ tuntun dé. Dókítà ní ó kéré débi pé ẹ̀rọ fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí nǹkan kan kà. Mo béèrè bóyá agolo ló ṣì ń tàn wá. Kò kọ́kọ́ yé e. Bàbá ló ṣàlàyé íńkì fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bí ẹni pé àwọn gan-an ló ronú kàn án. Ó ní rárá, èyí kì í ṣe ti agolo: wọ́n ti yọ ẹran náà kúrò pátá, kò sí ohun tí a fẹ́ bu omi là. Lóṣù mẹ́ta mẹ́ta ni a ó máa lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Wàrà yín ṣì wà nílẹ̀. Màmá ń fi díẹ̀díẹ̀ mu tíì, wọ́n ní kí ó má bàa ṣòfò. Ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, tí Wonder bá ti wọn àgékù ìwé tán, Bàbá á bọ́ bàtà wọn, wọ́n á gun òṣùwọ̀n. Lónìí ó jẹ́ mọ́kàndínlọ́gọ́fà. Ṣòkòtò ti ń jábọ́, wọ́n ní kí n wá okùn fún àwọn.

Ohun tí ẹ bẹ̀rù ti ṣẹlẹ̀. Ìyá Leah tó ń ta káàdì ìkésíni lódìkejì wa wọlé wá lọ́jọ́ Àìkú, ó wo Bàbá láti òkè délẹ̀. Ó ní, “Háà, Alàgbà, ẹ ti rù. Ṣé ọmọ yín tó wà lókè òkun ò ránṣẹ́ mọ́ ni?”

Bọ̀dá Mùtíù ti la ẹnu. Bàbá gbọ́wọ́ sókè kí wọ́n dákẹ́. Wọ́n na ìka sí ara ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà. Wọ́n ti yọ káàdì 3.2 kúrò níbẹ̀. Ìwé tí mo bá yín tẹ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà ni wọ́n kàn síbẹ̀, ojú ibi tí wọ́n ti ká a sí mẹ́rin ṣì hàn.

Bàbá ní, “Ọmọ mi ránṣẹ́. Ẹ sún mọ́ ọn, kí ẹ kà á sókè.”

Ó sún mọ́ ọn, ó kà á. Bàbá sì ń gbọ́ ọ bí ẹni pé àwọn ò rí i rí.

Hadassah